Bí A Ti Ń Kun Igi Ìbọn Kí Ó Lè Dán Kí Ó Sì Pẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó rò pé ẹni tí ó bá ti di gègé ìkọ̀wé mú kò tún ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ayùn àti ìfági mọ́. A ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nítorí pé a kọ ọ́ sínú ètò ẹ̀kọ́, a sì ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí agogo bá lù. Àwa mẹ́ta tí a kọ ìwé yìí kò yàtọ̀ sí àwọn ìyókù, títí di ìgbà ìsinmi gígùn tí ó kọjá, nígbà tí ìbọn ògbólógbòó kan sọ wá di ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ fi hàn yín. Kì í ṣe pé a ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n a ṣe àṣìṣe tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ka ìwé yìí kò fi ní í níláti ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ilé wa wà ní Òṣòdì àti ní Ìsọlọ̀. Ẹni tí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí, tí ó rí afárá, ọkọ̀, àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, lè má gbà pé igbó ọdẹ ti wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìlú àtijọ́ ti àwọn Àwórì ni Ìsọlọ̀, tí ó ní ọba tirẹ̀, Òsọlọ̀ ti Ìsọlọ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ní ọdún 1896, tí ó sì gba Òṣòdì kọjá lọ sí Ìbàdàn. Bí igbó tilẹ̀ ti tán, ìdílé ọdẹ kò tíì tán.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọdẹ ní Ìsọlọ̀. Ó ní ìbọn ṣakabùlà kan tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lé lórí gẹ́gẹ́ bí òfin ìbọn ti ọdún 1959 ti wí. Ní ìgbà òjò, òrùlé yàrá tí ìbọn náà wà jò fún ọjọ́ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí a gbé e jáde, igi rẹ̀ ti bu funfun, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti gba ọgbẹ́ níbi tí ohun kan ti ṣubú lù ú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni ó kù kí àwọn ọdẹ ṣe ìṣípà fún ẹlẹgbẹ́ wọn kan tí ó ti kú, bàbá kò sì fẹ́ kí a ṣe é kí ìbọn bàbá òun má dún níbẹ̀. Ó gbé e ka orí ẹní, ó sì wí fún wa pé:

"Ẹ̀yin tíṣà, mo gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ yín ní iṣẹ́ igi. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìlà wọ̀nyí. Bàbá mi ni ó ń fi ọ̀bẹ fà wọ́n, ẹyọ kan ní ọjọ́ tí ó bá pa ẹran ńlá. Bí ẹ bá pa wọ́n rẹ́, kí ẹ má gbé igi náà padà wá fún mi."

A ka àwọn ìlà náà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n.

IRÚ IGI TÍ Ó YẸ ÌBỌN

Kì í ṣe gbogbo igi ni ó lè jẹ́ igi ìbọn. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, bí ó ti ń ti ọta síwájú ni ó ń ti ìbọn sẹ́yìn lu èjìká ẹni tí ó yìn ín. Igi tí ó bá rọ̀ jù yóò sán; èyí tí ó bá le jù tí kò sì ní ipọn yóò là; èyí tí ó bá wúwo jù yóò dá ọdẹ lágara kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí igi bá sì jẹ́ irú èyí tí ó máa ń wọ́ nígbà òjò tí ó sì ń sún kì nígbà ọyẹ́, irin kò ní í jókòó dáradára nínú rẹ̀.

Nítorí ìdí wọ̀nyí ni àwọn Òyìnbó fi yan igi tí wọ́n ń pè ní walnut láti ayé àtijọ́. Ọ̀kan wà tí ó ń hù ní Yúróòpù àti ní Éṣíà, òmíràn sì wà ní Amẹ́ríkà tí igi rẹ̀ dúdú jù ú lọ. Ó fúyẹ́ fún agbára rẹ̀, ó gba ọ̀bẹ, kò sì tètè wọ́. Irú igi yìí ni ó wà lára ìbọn Snider, èyí tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ lò nínú ogun Kírìjì, tí a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886. Òun náà ni ó wà lára ìbọn Lee-Enfield tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa gbé lọ sí ogun Bọ́mà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, walnut kò tó mọ́, a sì níláti fi igi beech àti igi birch, tí wọ́n funfun jù ú lọ, ṣe ìdí ìbọn púpọ̀. A kùn wọ́n kí àwọ̀ wọn lè fara jọ ti walnut, a sì fi òróró pa wọ́n. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kíkun igi jẹ́ ẹ̀tàn. Bí igi bá ti lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a lè wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí ó bá yẹ ẹ́.

Kí orúkọ má ṣe ṣì wá lọ́nà níhìn-ín. Igi kan wà nínú igbó ilẹ̀ wa tí àwọn oníṣòwò pákó ń pè ní walnut ti Áfíríkà. Apopo ni orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn Ẹdó àti lọ́jà pákó. Kì í ṣe ìbátan walnut ti àwọn Òyìnbó rárá. Ọ̀gánwó ni ó bá tan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ jọ ti walnut, ó sì rọrùn láti mú dán. Òmíràn tí àwọn Òyìnbó tún fún ní orúkọ yìí ni awùsá wa, tí a máa ń sè jẹ ní ìgbà òjò. Awùsá kò ní pákó tí a lè là, nítorí ìtàkùn ni; síbẹ̀ ó ní ìwúlò kan nínú iṣẹ́ yìí tí a óò sọ nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Ní ti ìbọn bàbá, igi apá ni a fi ṣe é: ó wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ikán kì í fẹ́ ẹ.

OHUN TÍ Ó ṢÁÁJÚ GBOGBO IṢẸ́

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Kí a tó fi ọwọ́ kan igi rẹ̀, a níláti mọ̀ dájú pé kò sí ohunkóhun nínú irin rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó ṣe èyí lójú wa. Ó dojú ìbọn kọ ibi tí kò sí ènìyàn, ó ti ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn bọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi kan ìdí, ó fi àtàǹpàkò di ibi tí ẹnu irin dé lára ọ̀pá náà mú, ó sì fà á yọ. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀pá náà lé ẹ̀gbẹ́ irin lóde. Orí rẹ̀ dé ọ̀gangan ihò tí iná ń gbà wọlé. Ó ní bí ọ̀pá náà bá kúrú tí kò dé ihò yẹn, a jẹ́ pé ẹ̀tù tàbí ọta wà nínú ìbọn, kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀tù tí ó ti wà nínú irin láti ọdún mẹ́wàá ṣì lè gbiná.

Àwa ará Ìsọlọ̀ kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, iná mú ibi tí a kó ohun ìjà sí ní àgọ́ ológun Ìkejà, àdó olóró sì ń bú gbàmù títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń sá àsálà ni ó kó sínú omi Òkè-Afà nínú òkùnkùn. Àwọn tí ó kú ju ẹgbẹ̀rún lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ohun tí ó lè pa ènìyàn níláti ṣọ́ra fún àwọn tí kò mọ̀ pé ó wà nítòsí.

ÀṢÌṢE WA ÀKỌ́KỌ́

Nígbà tí a ti yọ irin kúrò lára igi, ó yẹ kí a wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ. A kò ṣe bẹ́ẹ̀. A fi omi àti ọṣẹ fọ igi náà, a sì rò pé òróró ni òróró ń jẹ́. A bu àdí, a fi kun igi láti òkè dé ilẹ̀. Ó dán gidigidi ní ọjọ́ náà, inú wa sì dùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣì tutù. Ní ọjọ́ karùn-ún, eruku Òṣòdì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí gaàrí ti í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tútù. Bí ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́jọ wa ti lọ nìyẹn.

Ibùdó kan wà ní Òṣòdì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1944, láti fi iṣẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó ń ti Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ nígbà tí wọ́n bá bọ́ aṣọ ogun. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní fún àwọn ológun tí ó ń fẹ̀yìn tì. Ológun fẹ̀yìntì kan tí ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀ ni a gbé igi náà tọ̀ lọ. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Àdí ni ẹ fi pa á? Ṣé ọmọ tuntun ni?" Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí a jókòó.

Ó ṣàlàyé fún wa pé oríṣi òróró méjì ni ó wà. Èyí tí kì í gbẹ láéláé ni epo pupa, àdí, àti òrí. Èyí tí ó ń gbẹ ni òróró èso ọ̀gbọ̀, tí àwọn káfíńtà ń pè ní lìnsíìdì. Gbígbẹ tirẹ̀ kì í ṣe bí aṣọ ti í gbẹ lórí okùn, tí omi ń fi í sílẹ̀ lọ. Òróró yìí ń gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀, ó sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ohun líle nínú ihò wẹ́wẹ́ ara igi. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ awùsá ti bọ́ sí i. Àwọn tí ó ti yẹ òróró awùsá wò nínú ilé ìwádìí rí i pé irú tirẹ̀ náà ń gbẹ bí lìnsíìdì. Bí a ti ń jẹ awùsá tí a ń da èèpo rẹ̀ nù láti kékeré tó, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ̀ pé ohun tí a ń rà nínú ìgò láti òkè òkun ní arákùnrin nínú oko wa.

BÍ A TI ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Fífọ̀. A fi aṣọ tí a rẹ sínú tapẹntáìnì nu àdí kúrò léraléra, títí aṣọ kò fi gba epo mọ́. A gbé igi náà sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ gbé e sí oòrùn kí ó lè yá, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kọ̀. Bí oòrùn bá gbẹ òde igi kí inú rẹ̀ tó gbẹ, òde yóò sún kì, inú kò ní í sún, igi yóò sì là.

Gbígbé ọgbẹ́ sókè. Èyí yà wá lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ibi tí igi tẹ̀ wọnú nítorí pé ohun kan lù ú, a tẹ́ aṣọ tútù lé e, a sì gbé irin ìlọṣọ gbígbóná lé aṣọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ooru omi wọ inú igi, ohun tí ó ti tẹ̀ wú padà, ojú igi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ibi tí igi ti ṣí kúrò pátápátá kò lè wú padà, nítorí kò sí ohun tí yóò wú níbẹ̀. A kò jẹ́ kí ooru dé ẹ̀gbẹ́ tí ìlà bàbá wà, kí ìlà náà má baà wú kí ó sì pàdé.

Fífá àti fífi ìpín fá. Àfọ́kù ìgò ni a kọ́kọ́ fi fá ojú igi, bí àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ti í ṣe. Bí ẹnu rẹ̀ bá mú, yóò ká èèhọ́ igi tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà, kò sì ní í ha igi bí bébà oníyanrìn. Gẹ́gẹ́ bí ipọn igi bá ti lọ ni kí ọwọ́ lọ. Ẹni tí ó bá fá a ní ìbú yóò rí ojú àpá náà nígbà tí àwọ̀ bá dé e. Lẹ́yìn àfọ́kù ìgò, a lo bébà oníyanrìn, èyí tí ó le ṣáájú, èyí tí ó kúná lẹ́yìn. Ewé ìpín ni a fi parí rẹ̀, ewé tí àwọn agbẹ́gilére ti ń lò kí bébà tó dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí a rò pé a ti parí, olùkọ́ wa fi aṣọ tútù nu igi náà. Nígbà tí ó gbẹ, ó tún ṣe ṣákaṣàka bí àgbọ̀n tí kò fá. Ó ní gbogbo irun wẹ́wẹ́ tí ó dúró yìí ìbá dìde lábẹ́ àwọ̀ bí a kò bá jẹ́ kí wọ́n dìde nísinsìnyí. A tún fi ìpín fá wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ni a kò gbọdọ̀ fá. Èkínní ni etí igi tí ó pàdé irin: bí a bá sọ ọ́ di róbótó, àlàfo yóò wà níbẹ̀, omi yóò sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Èkejì ni àmì. Ọ̀pọ̀ igi ìbọn ológun ni ó ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ àti ti ìjọba lára, ẹni tí ó bá sì fá a kúrò kí ìbọn lè dà bí titun ti pa ìtàn rẹ̀ rẹ́. Àwọn tí ó ń kó ohun àtijọ́ jọ kì í ka irú rẹ̀ sí mọ́. Ìlà mẹ́tàdínlógún ni òǹtẹ̀ ti ìbọn wa. A fi aṣọ bò ó ní gbogbo ìgbà tí a ń fá igi. Lẹ́yìn náà, a rún ẹnu pákò, a rẹ ẹ́ sínú tapẹntáìnì, a sì fi rin ẹ̀gbin inú ìlà kọ̀ọ̀kan jáde. Odidi ọ̀sán kan ni ó gbà wá.

Kíkùn. Kí a má ṣe fi igi tí a fẹ́ràn dán àwọ̀ wò. Èékù pákó ni kí a kọ́kọ́ kùn, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì fi òróró díẹ̀ pa á, nítorí àwọ̀ tí ó gbẹ máa ń ṣí, òróró sì máa ń tún un mú dúdú. Ọ̀nà méjì ni a dán wò, ìbílẹ̀ sì ni méjèèjì. Osùn ni àkọ́kọ́. Àwọ̀ osùn kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ nínú sípíríìtì. Ó fún èékù pákó wa ní àwọ̀ pupa rírẹwà, ṣùgbọ́n ó pupa ju ti ìbọn bàbá lọ.

Ọ̀nà kejì fani mọ́ra púpọ̀. A bu èèrún irin lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, a sì rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan fún ọjọ́ mélòó kan. A se èèpo èso irúgbá, èyí tí àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin máa ń fi omi rẹ̀ wọ́n ìkòkò gbígbóná, a sì fi omi náà kun èékù pákó. Nígbà tí ó gbẹ, a fi omi irin kùn ún. Lójú wa kòrókòró, igi tí ó ti ràn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ di dúdú. Ìdí rẹ̀ ni pé oje kan wà nínú èèpo irúgbá tí í máa mú ẹnu gbẹ, irú èyí tí a fi ń sọ awọ ẹran di líle. Bí irin tí ó yọ́ bá pàdé oje yìí, dúdú ni wọn yóò jọ bí. Igi tí ó bá ní oje náà nínú ara rẹ̀ kò nílò irúgbá rárá. Ìdí kan náà ni ìṣó fi máa ń fi àbàwọ́n dúdú sí ara pákó tútù.

A fi omi pa omi irin náà títí dúdú rẹ̀ fi di ràkọ̀ràkọ̀, a fi kun igi ìbọn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó gbẹ, a fi osùn díẹ̀ lé e. Àwọ̀ tí ó jáde sún mọ́ ti àtijọ́ gidigidi. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìdí igi, níbi tí a gé ipọn rẹ̀, máa ń mu àwọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ; omi ni kí a kọ́kọ́ fi rin ín kí ó má baà dúdú ju ìyókù lọ. Ó sàn kí a kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ju kí a kùn ún ní kíkankíkan lẹ́ẹ̀kan, nítorí a lè fi kún àwọ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti yọ ọ́.

Fífi òróró pa á. A gbé agolo lìnsíìdì sínú omi gbígbóná, a kò gbé e lé iná, nítorí òróró àti tapẹntáìnì kò gbọdọ̀ rí ojú iná. Ìpa àkọ́kọ́ ni a fi tapẹntáìnì là, kí ó lè wọnú igi. A fi aṣọ pa á. Nígbà tí ó di bí ìdámẹ́ta wákàtí, a nu gbogbo èyí tí igi kò mu kúrò. Níbi nínu yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà: wọ́n á fi òróró sílẹ̀ lójú igi kí ó lè dán, yóò sì di gọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn nínù, a fi àtẹ́lẹwọ́ fi ra á títí ọwọ́ wa fi gbóná. Olùkọ́ wa ní ọwọ́ ni ó ń mú igi dán, òróró kàn ń bá a lọ ni. Ó sì sọ òfin kan tí àwọn oníṣẹ́ igi nílẹ̀ Òyìnbó ti ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ pípẹ́: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù kan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan, àti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún títí ayé. A pa inú igi náà pẹ̀lú, níbi tí irin ń jókòó sí, àti ìdí rẹ̀. Ibi tí ojú kì í rí ni omi máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni ó dé tí a kò fi fáníṣì kùn ún kí a sì sinmi. Fáníṣì dára, bẹ́ẹ̀ ni ṣẹláàkì, tí a ń rí láti ara oje kòkòrò kan ní ilẹ̀ Íńdíà, tí a sì ń fi sípíríìtì yọ́. Wọ́n ń yára dán ju òróró lọ. Ṣùgbọ́n ojú igi ni wọ́n ń dúró sí bí awọ. Bí awọ náà bá ya nínú igbó, omi yóò gba ibẹ̀ wọlé, a ó sì níláti fá gbogbo rẹ̀ kúrò kí a tó tún un ṣe. Igi tí a fi òróró pa, ibi tí ó bá ha nìkan ni a óò tún pa. Fún tábìlì inú ilé, fáníṣì ni. Fún ohun tí yóò wọ igbó, òróró ni.

AṢỌ TÍ Ó FẸ́ JÓ ILÉ

A kò fẹ́ kọ apá yìí, nítorí ó tì wá lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní ọjọ́ kejì tí a fi òróró pa igi, a ká àwọn aṣọ tí a fi nu ún jọ sínú agbọ̀n kan lẹ́yìn ilé ìdáná, a sì lọ sùn. Ní òru, ìyá àgbà tí ó wà nínú ilé náà gbóòórùn èéfín. Ó ké sí wa. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àárín agbọ̀n náà ti ń pọ́n, pákó ògiri sì ti dúdú. Omi ìkòkò kan ni ó pa á. Bí ìyá náà bá ti sùn wọra, àwa kọ́ ni ìbá kọ ìwé yìí.

Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ṣá iná sí i. Òróró tí ó ń gba ọ́síjìn láti fi gbẹ máa ń mú ooru jáde. Bí a bá tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò gbé ooru náà lọ. Bí a bá ká a jọ, ooru kò ní í rí ọ̀nà jáde. Yóò máa pọ̀ sí i, títí aṣọ yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: kí a tẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìta gbangba títí yóò fi gan, tàbí kí a rì í sínú omi nínú agolo onídèérí. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá máa kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ igi níláti kọ èyí sára pátákó dúdú kí ó tó ṣí ìgò òróró.

ÌPARÍ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìṣípà, a dá irin padà sínú igi, a sì gbé ìbọn náà lọ fún bàbá. Kò wo bí ó ti dán. Ó dojú rẹ̀ kọ ògiri, ó tún fi ọ̀pá wọn inú rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ wá rí. Nígbà náà ni ó wá fi àtàǹpàkò rẹ̀ máa tẹ̀ lé àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ó dé òpin, ó ní, "Wọ́n pé." Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọdẹ sun ìrèmọ̀jé tán, ìbọn náà dún pẹ̀lú àwọn yòókù.

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a óò dúró níwájú kíláàsì, a óò sì máa fẹ́ kí àwọn ọmọ tètè dán kí alábẹ̀wò lè yìn wá. Ọmọ tí ó wọlé tọ̀ wá kì í ṣe pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àwọn òbí rẹ̀ ti fi ọ̀bẹ fa ìlà tiwọn sí i lára kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa: èdè ilé rẹ̀, ìkíni rẹ̀, ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Kí a nu ẹ̀gbin kúrò, kí a gbé ọgbẹ́ sókè, kí a sì fi òróró pa á lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí a fi aṣọ bo ibi tí ìlà wà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tí ó ni ọmọ yóò wá ka ìlà rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n pé.